Àfikún Iṣẹ́ àti Ẹni Tí Ó Lè Bèèrè Ìmọrírì: Bí A Ṣe Lè Ka Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Faransé ní Savalou àti Bantè

1. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀

Nínú ìwé tí ìjọba amúnisìn máa ń fi sílẹ̀, oríṣi lẹ́tà kan wà tí ẹni tó bá ti wọ ilé ìpamọ́ ìwé yóò tètè dá mọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n gba òun fún lọ, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn. Ó lè bèèrè owó, ó lè bèèrè ìgbéga, ó lè bèèrè àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fi kọ́ àyà aṣọ. Ọ̀pọ̀ wa tí a ń ṣe ìwádìí máa ń fo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ló jọ lójú wa, kò sì jọ ọ̀rọ̀ ìlú.

Mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ìdí tí kò fi yẹ kí a fò ó, pàápàá nígbà tí a bá ń kọ ìtàn agbègbè bíi Savalou àti Bantè. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: kò sí àfikún iṣẹ́ àfi níbi tí iṣẹ́ bá ti ní ààlà. Ẹni tí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ iye tí wọn yóò san fún un, lè fi ìka hàn pé “ibí ni iṣẹ́ mi parí sí, èyí tó lé lórí rẹ̀ ni mo ń bèèrè fún”. Ẹni tí wọ́n lè pè sí iṣẹ́ gbogbo, lọ́sàn-án lóru, kò ní ibi tí yóò fi ìka hàn. Nítorí náà, ìwé ẹ̀bẹ̀ ìmọrírì ń sọ ohun méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ṣe, àti ohun tí àwọn tí kò lè kọ irú rẹ̀ ṣe.

2. Savalou, Bantè àti ètò ìṣàkóso tó dé bá wọn

Ìlú Mahi ni Savalou. Gbaguidi ni orúkọ oyè ọba rẹ̀. Ní àríwá rẹ̀ ni Bantè wà, ìlú àwọn Ìcà, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ní ìwọ̀-oòrùn Savalou, ní Tchetti àti Doumè, a ó bá àwọn Ifẹ̀, tí àwọn ìbátan wọn wà ní apá Atakpamé ní ilẹ̀ Togo. Lónìí, Savalou àti Bantè jẹ́ commune méjì nínú ẹkùn Collines, èyí tí òfin yọ kúrò lára ẹkùn Zou ní 1999.

Lábẹ́ Faransé, cercle ni wọ́n ń pe ìpín ìṣàkóso tó tóbi jù nínú Dahomey. Alákòóso tó jẹ́ olórí cercle ni àwọn ènìyàn ń pè ní kọmandá, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe tiwọn ní àjẹ́lẹ̀. Abẹ́ cercle ni canton wà, abẹ́ canton ni abúlé wà. Faransé ni kọmandá. Ọmọ ilẹ̀ ni olórí canton àti olórí abúlé. Láàrin wọn ni ògbufọ̀, akọ̀wé, olùkọ́ àti ẹ̀ṣọ́ cercle wà.

Ohun kan nípa ilẹ̀ náà tún yẹ ká rántí. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Cotonou lọ sí Parakou gba Dassa àti Savè kọjá. Kò dé Savalou, kò sì dé Bantè. Ẹrù tó bá máa kúrò ní ibùdókọ̀ lọ sí apá ibẹ̀, orí ènìyàn ni yóò gbé e, tàbí kí wọ́n la ọ̀nà fún ọkọ̀. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ la ọ̀nà náà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

3. Kí ni iṣẹ́ kọmandá gan-an?

Iṣẹ́ kọmandá pọ̀. Òun ló ń rí sí i pé wọ́n san owó orí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní Dahomey ní 1899. Òun ló ń ka ènìyàn, tó ń rin ìrìn-àjò láti abúlé dé abúlé, tó ń kọ àbọ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Adájọ́ tún ni: àṣẹ 10 oṣù Kọkànlá 1903, tó to ètò ìdájọ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé, fi alákòóso ṣe olórí ilé ẹjọ́ cercle, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n jókòó tì í láti sọ ohun tí àṣà wí. Òun náà ló ń bójú tó ọ̀nà àti afárá.

Bí iṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó, ó ní ààlà. Kọmandá ní ipò nínú ìwé òṣìṣẹ́. Ó ní owó oṣù, ó sì ní àfikún tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ torí pé ó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Wọ́n ń ka ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó di ipò ẹlòmíràn mú fún ìgbà díẹ̀, òun mọ̀ pé adelé lòun, ọ̀gá rẹ̀ náà sì mọ̀. Ọdọọdún ni ọ̀gá ń kọ ohun tó rò nípa rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè bèèrè. Nígbà tó bá kọ̀wé pé òun ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ní ìwé lọ́wọ́ tó lè fi wọ̀n ọ́n.

4. Ọ̀nà tí ìmọrírì ń gbà wá

Ọ̀nà kan ni àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù nínú ilẹ̀ àmúnisìn Faransé, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1889, Ọba Toffa ti Àjàṣẹ́ dá oyè Ìràwọ̀ Dúdú sílẹ̀, Ordre de l'Étoile noire. Ìjọba Faransé fọwọ́ sí i ní 1894, kò sì pẹ́ tó fi di ara oyè ẹ̀yẹ tí Faransé fúnra rẹ̀ ń fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìpele márùn-ún ló ní. Ìràwọ̀ dúdú olórígun márùn-ún ló wà lórí àgbélébùú funfun, okùn aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n sì fi ń so ó mọ́ aṣọ. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di 1963, nígbà tí Faransé dá oyè ẹ̀yẹ mìíràn sílẹ̀ láti rọ́pò irú rẹ̀. Oyè tí ọba kan ní etí òkun wa dá sílẹ̀ di ohun tí òṣìṣẹ́ Faransé lè máa retí ní ibikíbi tí wọ́n bá rán an lọ.

Ọ̀nà kejì ni ìwé títẹ̀. Ní 1915, Gómìnà Àgbà Clozel dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Dakar fún ìwádìí ìtàn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé. Ìgbìmọ̀ náà ní ìwé àtìgbàdégbà, ó sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alákòóso tí wọ́n bá ní ìfẹ́ sí àṣà àti ìtàn ibi tí wọ́n wà. Agbègbè tiwa wà nínú rẹ̀: ní 1928, ìwé náà tẹ ìwádìí Bergé lórí ilẹ̀ Mahi nínú cercle Savalou, tó ṣe láàrin 1926 sí 1928. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa àwọn Mahi kò lè ṣàì bá iṣẹ́ yẹn pàdé. Kò sí ìlà kankan nínú owó oṣù tó sọ pé kí alákòóso kọ ìtàn ìran àwọn tó ń ṣàkóso. Bí ó bá kọ ọ́, àfikún ni, ìmọrírì rẹ̀ sì ni kí orúkọ rẹ̀ wà lókè ojú ìwé.

Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ ní Savalou nìkan. Ní Abomey, alákòóso Le Hérissé tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Dahomey àtijọ́ ní 1911. Alákòóso mìíràn, Bernard Maupoil, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa Fá, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ifá. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1943. Kò pẹ́ tí àwọn Jámánì fi mú un, ó sì kú sí àgọ́ wọn ní 1944. Àwọn méjèèjì dárúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: Le Hérissé dárúkọ Agbidinoukoun, ọmọ ọba, Maupoil dárúkọ Gèdègbé, babaláwo Béhanzin. Ó yẹ ká yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, orúkọ ẹnì kan náà ló wà lẹ́yìn ìwé.

5. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ààlà

Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ní 1917, Gómìnà Àgbà Van Vollenhoven kọ ìwé sí àwọn gómìnà lórí ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìbílẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé olórí canton kò ní àṣẹ tirẹ̀. Kọmandá nìkan ló ń pàṣẹ. Ohun èlò lásán ni olórí jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbájáde èyí fún ọ̀rọ̀ wa ṣe kedere. Bí ẹnì kan bá jẹ́ ohun èlò, iṣẹ́ tí ohun èlò ṣe, iṣẹ́ ẹni tó dì í mú ni. Olórí canton ń gba owó orí, ó ń wá àwọn tí yóò la ọ̀nà, ó ń wá ọmọ ogun, ó ń gba àlejò ìjọba, ó sì ń parí ìjà. Ìdá díẹ̀ nínú owó orí tó bá gbà ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú owó kékeré mìíràn. Nígbà mìíràn wọ́n lè fún un ní àmì ẹ̀yẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un torí pé ó jẹ́ olóòótọ́ sí Faransé. Ẹ̀bùn ni. Ẹni tó ń fúnni ló ń pinnu ìgbà tí yóò fúnni, ẹni tó ń gbà kò lè fi òfin bèèrè.

Ti ògbufọ̀ tún yàtọ̀. Ẹ ro ilé ẹjọ́ kan ní Savalou. Ẹni tó pe ẹjọ́ lè máa sọ Mahi, ẹni tí wọ́n pè lè máa sọ Ìcà, ẹlẹ́rìí lè ti Tchetti wá kó máa sọ Ifẹ̀, Faransé sì ni adájọ́ gbọ́. Orí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ìdájọ́ dúró lé. Lórí ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá túmọ̀ “ìdáná” fún adájọ́ tí kò mọ̀ ọ́n, ó ti di olùkọ́ òfin. Ẹni tó sọ fún kọmandá pé kó má lọ sí abúlé kan lónìí torí orò wà níbẹ̀, ó ti di olùdámọ̀ràn. Ojú ìwé wo ni yóò ti rí ìlà tí wọ́n kọ ìyẹn sí?

Olùkọ́ ni ọ̀nà rẹ̀ là díẹ̀ láàrin wọn. Ní 1925, Àlùfáà Francis Aupiais bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Àjàṣẹ́, La Reconnaissance africaine, níbi tí àwọn olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ ti ń kọ nípa àṣà àwọn ènìyàn wọn. Fún àwa tí a kàwé ní Faransé láti kékeré, ọ̀rọ̀ reconnaissance yìí dùn ún yẹ̀ wò: ó lè jẹ́ ìmọrírì, ó lè jẹ́ ìdúpẹ́, ó sì tún lè jẹ́ kí ọmọ ogun lọ ṣe alóre ilẹ̀ kí ogun tó wọ̀ ọ́. Paul Hazoumé, olùkọ́ ọmọ Àjàṣẹ́, wà lára àwọn tó kọ̀wé níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìmùlẹ̀ ní Dahomey jáde ní Paris ní 1937, Doguicimi sì tẹ̀ lé e ní 1938. Òun borí. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, ọ̀nà kan náà tí alákòóso ń gbà. Ògbufọ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu kò ní ọ̀nà yẹn.

Kì í ṣe Faransé nìkan ló ni ọ̀ràn yìí. Ní Èkó, lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Macaulay kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti wíwọn ilẹ̀ ní England láti 1890 sí 1893, ó padà wá di awọnlẹ̀ ìjọba. Owó tí wọ́n ń san fún un kéré sí ti òyìnbó tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ dá dúró, ìjọba sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà gẹ́gẹ́ bí alátakò. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ lè lọ. Olórí canton tí ìdílé rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Bantè kò ní ibi tí yóò lọ.

6. Àfikún iṣẹ́ ẹnì kan, ẹrù ẹlòmíràn

Yorùbá ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n bí a bá wo ọwọ́ náà dáadáa, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀nà. Nígbà tí alákòóso bá kọ̀wé pé òun la ọ̀nà láìná owó púpọ̀, ó yẹ ká bi í léèrè bí ó ṣe ṣe é. Àṣẹ kan tí wọ́n ṣe ní oṣù Kọkànlá 1912 fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Faransé ló to ètò prestation, ìyẹn iye ọjọ́ tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún láìgba owó. Owó tí ọ̀gá dá sí, ọjọ́ oko àwọn àgbẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ tó ń gbé ara lé iṣu, ọjọ́ tí ènìyàn kò fi kọ ebè, kò sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà.

Ogun Àgbáyé Kìíní fi èyí hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wíwá ọmọ ogun di àfikún iṣẹ́ fún àwọn alákòóso, iye tí wọ́n bá rí sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè fi yangàn. Lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú, ohun náà fa ìsá àti ọ̀tẹ̀: láàrin 1914 sí 1917, àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, dìde, àwọn Bàrùbá ní Borgu àti àwọn ará Atacora sì dìde pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní 1918, Faransé gbé àṣẹ jáde tó ṣèlérí ẹ̀san fún àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn. Ìjọba mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ló kan ilé wa jù. Ní 1931, ìjọba gbé Coutumier du Dahomey jáde, ìwé tó kó àṣà àwọn ènìyàn Dahomey jọ kí ilé ẹjọ́ lè máa tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn alákòóso gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ògbufọ̀ sọ di Faransé, di òfin nínú ìwé. Ìwé náà ka obìnrin sí ẹni tí kò ní agbára lábẹ́ òfin, ó sì fi í kún ogún tí ọkọ fi sílẹ̀. Ìyá tó bá jẹ́ opó ní Bantè tàbí ní Savalou, tó sì lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí oko tàbí ọmọ, ìwé yìí ni adájọ́ lè ṣí. Lẹ́yìn òmìnira 1960 pàápàá, ilé ẹjọ́ kò jù ú nù. Ọdún 1996 ni Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ti Benin tó sọ pé kò ní agbára òfin, ọdún 2004 sì ni òfin ẹbí tuntun tó dé. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe lé iṣẹ́ rẹ̀ lórí lè di àjàgà lọ́rùn àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

7. Lẹ́yìn ogun kejì

Ìyípadà dé ní kíákíá lẹ́yìn 1945. Láàrin oṣù Kejìlá 1945 àti oṣù Kejì 1946, àṣẹ méjì pa indigénat rẹ́, ètò tó jẹ́ kí kọmandá lè fìyà jẹ ọmọ ilẹ̀ láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1946, òfin tí Houphouët-Boigny gbé wá fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1950, òfin Lamine Guèye, aṣòfin láti Senegal, sọ pé kí owó oṣù àti àfikún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lókè òkun má ṣe yàtọ̀ nítorí ibi tí a bí wọn sí.

Òfin kẹta yìí ló fa ààlà sí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀. Láti ìgbà náà, akọ̀wé tàbí olùkọ́ ní Savalou lè bèèrè ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Faransé ń bèèrè, kó sì fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti kọjá, kò sì kan àwọn tí wọn kò sí nínú ìwé òṣìṣẹ́: àwọn tó la ọ̀nà, àwọn tó ru ẹrù, àwọn tó jókòó sọ ìtàn ìran wọn fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

8. Bí a ṣe lè kà á

Mo dábàá ìbéèrè mẹ́rin fún ẹni tó bá bá irú lẹ́tà yìí pàdé. Kí ni wọ́n kọ pé ó jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kí ló sì pè ní àfikún? Nípa èyí la ó mọ ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi ààlà sí. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà tí lẹ́tà kò dárúkọ? Kí ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ní ọjọ́, ní owó, ní ọmọ? Kí sì ni iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é ti padà sí ìlú rẹ̀?

Ìwé kò lè dáhùn ìbéèrè kejì àti ìkẹta tán. Ìdáhùn wọn wà lẹ́nu àwọn ìdílé: lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ ògbufọ̀, nínú oríkì olórí canton, nínú orúkọ tí àwọn Ìcà fún ọ̀nà kan tàbí fún kọmandá kan. Ní èdè Ìcà, ní Mahi àti ní Ifẹ̀ ló yẹ ká ti bèèrè wọn, kí a tó wá kọ wọ́n sí Faransé. Bí a bá kọ wọ́n, kí a fi orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ síbi tí ojú yóò ti rí i, bí ẹni náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń gba oyè dókítà lórí ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa náà wà lára àwọn tó ń bèèrè ìmọrírì.